Kóòtù Tó Ṣáájú Ẹni Tó Ni Ín Délé

Nyakach,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kejì.

Ogutu ọmọ mi,

A kú ọjọ́ mẹ́ta. Màmá rẹ kí ọ, Ayieko àbúrò rẹ kí ọ. Mical ẹ̀gbọ́n rẹ ló dúró tì mí yìí, ó fẹ́ ya lẹ́tà yìí ní fọ́tò kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ní Katito. Ó ní kí n kúkú sọ̀rọ̀ sínú fóònù, pé ó yá jù. Mo ní etí mi kò gbọ́ fóònù mọ́, àti pé ohùn a máa purọ́. Ọwọ́ ìkọ̀wé kì í purọ́. Bí ara rẹ kò bá le, n ó rí i lára ìlà tí o fà. Nítorí náà, fi ọwọ́ ara rẹ kọ èsì, kí o tó yà á ránṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ omi ni mo fẹ́ sọ. O mọ̀ pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ka òpó ìwọ̀n adágún fún ìjọba. N kì í sọ pé omi "pọ̀". Ẹni tí kò wọn nǹkan ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún, igba ẹsẹ̀ bàtà ó lé mẹ́rìnlá ló wà láàárín omi àti àká àgbàdo wa. Láàárọ̀ yìí, ó ku àádóje ó lé mẹ́ta. Bí òjò kò bá tilẹ̀ rọ̀, omi yóò kan ògiri ilé kí oṣù karùn-ún tó dé ìdajì. Òjò yóò sì rọ̀.

A gbọ́dọ̀ ṣí lọ sórí ilẹ̀ òkè tí bàbá mi fi sílẹ̀ létí títì. O mọ bí a ti ń dá agboolé tuntun sílẹ̀ nílẹ̀ wa. Bàbá yóò gbé àkùkọ, ìyá yóò gbé iná, àkọ́bí ọkùnrin yóò gbé àáké ṣíwájú, òun ni yóò sì gé igi àkọ́kọ́. Ilé gbọ́dọ̀ dúró kí oòrùn tó wọ̀. Ẹlòmíràn kò lè gbé àáké yẹn nígbà tí àkọ́bí wà láàyè. Ẹni tó bá gbé e dípò rẹ̀ ti kà á kún òkú, àkọ́bí náà kò sì ní gba ẹnu ọ̀nà agboolé náà wọlé láéláé.

Wá ní ọ̀sẹ̀ Àjíǹde. Ọjọ́ méje tó. Gbé àáké, bá wa sùn mọ́jú, máa padà lọ. Ayieko náà ń dúró dè ọ́. Awino tó fẹ́ fi ṣaya ṣì wà nílé bàbá rẹ̀, torí kò síbi tí yóò gbé e sí lórí ilẹ̀ tó ń rì.

Màmá rẹ ní ṣé o ń jẹun. Ó ní ojú rẹ nínú fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ dà bí èyí tí wọ́n fi ọ̀bẹ gbẹ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Zablon Agumba.


Poland,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kejì.

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú àmójútó gbogbo wọn. Ẹ wo ọwọ́ ìkọ̀wé mi dáadáa, ẹ óò rí i pé ara mi le. Ẹ bá mi sọ fún Màmá pé mo ń jẹun. Òtútù ló ń fa ojú èèyàn pọ̀ níbí.

Bàbá, n kò lè wá nígbà Àjíǹde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìdí rẹ̀ kí inú tó bí yín.

Físà tí mo fi wọ ìlú yìí tán ní oṣù kẹwàá. Kó tó tán ni mo ti kọ̀wé pé kí wọ́n fún mi ní káàdì ìgbélùú. Wọ́n lu òǹtẹ̀ pupa kan sínú ìwé ìrìnnà mi. Òǹtẹ̀ náà ní kí n máa gbé níhìn-ín, kí n máa kàwé, kí n máa ṣiṣẹ́, títí wọn yóò fi dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbẹ́sẹ̀ kúrò nílùú, òǹtẹ̀ yẹn kò lè mú mi padà wọlé. Oṣù kẹrin rèé tí mo ti ń retí ìdáhùn. Oṣù keje ni n ó parí ẹ̀kọ́ mi. Bí mo bá wá gbé àáké, ọdún mẹ́ta tí mo ti lò di omi inú agbọ̀n.

Mo lọ bá wọn ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ẹtì. Mo tò láti aago mẹ́fà àárọ̀. Nígbà tó kàn mí, mo bi obìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì pé:

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìgbà wo ni káàdì mi máa jáde?"

"Ìgbà tó bá jáde."

"Bàbá mi ń ṣílé. Èmi ni mo gbọ́dọ̀ gbé àáké."

Ó yọ awò ojú rẹ̀. "Àáké kẹ̀? Kò sẹ́lòmíì tó lè gbé e?"

"Kò sí mà."

"Ẹ ò ní ọkọ̀ akẹ́rù lọ́dọ̀ yín ni?"

Mo dúpẹ́, mo jáde.

Tí n kò bá sí ní kíláàsì, mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Olú ni a ń ká. Yàrá náà gùn bí ilé ìjọsìn, kò ní fèrèsé kan ṣoṣo. A to pẹpẹ ní ìpele mẹ́fà, èmi a sì dúró lórí kẹ̀kẹ́ kan tí wọ́n ń fà sókè sódò láàárín wọn. Olú tó tó orí àtàǹpàkò lónìí a tóbi ní ìlọ́po méjì lọ́la, nítorí náà kò sí àyè ìsinmi. Farrukh, ọmọ Uzbekistan tí a jọ ń gbé yàrá, sọ pé èyí ni ẹ̀wọ̀n àkọ́kọ́ tí òun rí tí ẹlẹ́wọ̀n ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n má lé òun jáde.

Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ dúró dè mí di oṣù keje. Ẹ di iyanrìn sínú àpò, kí ẹ tò ó sẹ́yìn àká.

Ọmọ yín,
Ogutu.


Nyakach,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹta.

Ogutu,

Mo rí lẹ́tà rẹ. Mical kà á fún màmá rẹ lẹ́ẹ̀mejì. N kò dáhùn kíá nítorí inú ń bí mi, wọ́n sì kọ́ mi lẹ́nu iṣẹ́ pé ẹni tínú ń bí kò gbọ́dọ̀ mú kálámù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá. Inú ṣì ń bí mi, ṣùgbọ́n omi kò dúró. Ẹsẹ̀ bàtà méjìdínláàádọ́rin ló kù.

Nyakwaka ọmọ Oburu ti dé láti Jámánì. Ó pa ewúrẹ́, ó pe gbogbo àdúgbò. Mo bi í níṣojú àwọn èèyàn pé, "Nyakwaka, ṣé ẹni tó wà lọ́hùn-ún lè wá sílé fún ọjọ́ méje, kó sì padà?"

Ó ní, "Bàbá, ṣé ìwé ìrìnnà wà lọ́wọ́ rẹ̀?"

Mo ní ó wà.

"Kí ló wá dì í lẹ́sẹ̀? Àfi kí ẹ wádìí bóyá obìnrin ni."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí àgbà kì í bojú jẹ́ níbi tí wọ́n ti ń jẹran.

Ti olú tí o wí: ìyá mi tí kò mọ "a" ká olú títí ó fi darúgbó. Orí òkìtì ọ̀gán ló ti ń ká a, lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Kò wọkọ̀ òfurufú lọ ká a. Á ká a tán, á sì padà wálé kí omi orí iná tó hó.

O ní kí n di iyanrìn. Mo ti di ọgọ́ta àpò. Adágún kò ka ìwé tí ìwọ ń kà.

Bí obìnrin bá ni, sọ. Bí ojú ilé bá ń tì ọ́, sọ. Má fi òǹtẹ̀ bò ó fún mi. Èmi náà ti lu òǹtẹ̀ rí.

Bàbá rẹ.


Poland,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta.

Bàbá mi,

Kò sí obìnrin. Ó ṣe mí bíi pé kí n parí lẹ́tà yìí síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò kọ́ mi ní ìwà àìlọ́wọ̀.

Káàdì ni Nyakwaka ní, Bàbá. Òǹtẹ̀ lèmi ní. Ẹni tó ní káàdì mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ẹni tó ní òǹtẹ̀, wọ́n kàn tìlẹ̀kùn mọ́ ọn nínú yàrá tó mọ́ ni. Bí mo bá pa kíláàsì jẹ pẹ́, wọ́n á yọ orúkọ mi nínú ìwé. Bí wọ́n bá yọ orúkọ mi, kò sí káàdì. Mo bẹ ọ̀gá wa níbi iṣẹ́, Ìyáàfin Grażyna, pé kó bá mi kọ̀wé sí ọ́fíìsì yẹn. Ó ní, "Ogutu, ọmọ dáadáa ni ọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi ni olú. Olú kì í retí káàdì."

Lọ́jọ́ Àìkú, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí pápá ọkọ̀ òfurufú. Mo kàn dúró, mo ń wo àwọn tó ń lọ. Ẹ̀ṣọ́ kan bá mi níbẹ̀.

"Ta lẹ wá sìn?"

"Ẹnì kankan."

"Ta lẹ wá pàdé?"

"Ẹnì kankan."

"Kí lẹ wá ń ṣe?"

N kò mọ èdè wọn dé ibi tí mo lè dáhùn ìyẹn.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi àwọn àgbà. Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn rárá?

Ọmọ yín,
Ogutu.


Nyakach,
Ọjọ́ keje, oṣù kẹrin.

Bọ̀dá Ogutu,

Bàbá kò mọ̀ pé mo ń kọ èyí. N kò ní kí yín púpọ̀, kò sáyè.

Àjíǹde ti kọjá. Ẹ kò wá. Òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì ọdún, kò sì tíì dá. A ti tú àká. Ibi tó wà tẹ́lẹ̀, erinmi ló dúró síbẹ̀ láàárọ̀ àná, ó ń jẹ ọ̀dùnkún Màmá bí ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún. Bíríkì mẹ́rin mẹ́rin la fi gbé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì sókè. Màmá ń fi bàtà rọ́bà dáná.

Àwọn ìjọba ní ká kó lọ sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, pé àwọn fẹ́ pín àgọ́. Bàbá ní ẹni tó bí ọkùnrin méjì kì í sùn nínú kíláàsì àwọn ọmọ kékeré. Bọ̀dá Omulo, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìdílé, ní, "Zablon, Ayieko ń kọ́? Ó lọ́wọ́, ó lẹ́sẹ̀." Bàbá ní, "Àkọ́bí mi kò tíì kú." Èmi ló ń wò nígbà tó ń sọ ọ́, àfi bíi pé èmi ni mo fẹ́ pa yín.

Bàbá Awino ránṣẹ́ sí mi. Ó ní ṣé kí ọmọ òun kọ́kọ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ kó tó wá sílé ọkọ ni.

Ẹ̀yin kò lè jáde níbẹ̀, mo gbọ́. Èmi ń kọ́? Ta ló tì mí mọ́bí? Ẹ kò kúkú mú kọ́kọ́rọ́ náà wá, ẹ kò sì sọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹ wá, tàbí kí ẹ wí nǹkan kan.

Ayieko.


(Inú àpò ẹ̀wù kóòtù kan ni lẹ́tà yìí wà)

Poland,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹrin.

Bàbá mi,

N kò ya lẹ́tà yìí ní fọ́tò. Mo mọ̀ pé bí mo bá kọ́kọ́ béèrè, ẹ óò kọ̀ kí ẹ tó fojú rí i.

Ẹ rántí ìgbà tí wọ́n wá tọrọ Àǹtí Risper. Àìsàn dá Bàbá àgbà dùbúlẹ̀, kò lè jókòó láàárín àwọn àna. Ẹ gbé kóòtù rẹ̀ kọ́ sórí àga, àwọn àna sì kí kóòtù náà bíi pé òun ló jókòó. Ẹnì kankan kò jiyàn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, mo sì kí kóòtù náà pẹ̀lú.

Kóòtù mi rèé. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń wọ̀ ọ́. Òógùn mi wà lára rẹ̀, òórùn olú náà wà níbẹ̀, ẹ bá mi dárí jì í. Chelimo, ọmọ Kericho tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ló ń mú un bọ̀. Òun yóò fi lé awakọ̀ tó ń lọ sí Katito lọ́wọ́.

Ẹ fi wọ Ayieko. Kó wọ̀ ọ́ gbé àáké. Ọwọ́ Ayieko ni yóò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo gbé e. Báyìí, ẹ óò kúrò nínú omi, n kò sì ní sọ ilé nù.

Ọmọ yín,
Ogutu.


Katito,
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin.

Ogutu,

Ṣé o wà láàyè? Láti àárọ̀ ni mo ti ń pè ọ́. Ó ń dún, ẹnì kankan kò gbé e. Bí o bá rí èyí, kọ ọ̀rọ̀ kan péré.

Awakọ̀ yẹn kò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó rí Màmá létí títì, ó ké pe, "Ìyá Ogutu! Ẹrù ọmọ yín rèé láti òkè òkun!" Ó ju ọ̀rá náà sílẹ̀, ó wa ọkọ̀ lọ. Màmá tú u níbẹ̀. Kóòtù. Ó gbé e sókè, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo ọ̀nà. Ó ní, "Aṣọ ọmọ mi dé. Ọmọ mi dà?"

Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, Ogutu. Àbí o ti gbàgbé ni? Nígbà tí Obiero rì sómi ní Mombasa, tí wọn kò rí òkú rẹ̀, kí ni wọ́n gbé wálé? Ṣé kì í ṣe aṣọ? Kóòtù Bàbá àgbà jókòó lórí àga, ẹni tó ni ín ń húkọ́ nínú yàrá kejì. Gbogbo wa ń gbọ́ ọ. Tìrẹ, ta ló gbọ́ ìkọ́ rẹ?

Màmá figbe ta. Àwọn tó wà lódò gbà á lẹ́nu rẹ̀. Kó tó di pé mo dé, igbe ti kọjá ilé Oburu, àwọn ọkùnrin sì ti ń kó màlúù bọ̀ bí wọ́n ti ń ṣe fún ọkùnrin tó kú. Èèyàn dúró nínú omi dé orúnkún nínú ọgbà wa, wọ́n ń dárò rẹ. Wọ́n sọ ohun rere nípa rẹ. Nyakwaka pàápàá sunkún.

Bàbá nìkan ni kò pariwo. Ó tọwọ́ bọ àpò kóòtù bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́, ó yọ lẹ́tà jáde, ó kà á sókè. Màmá jókòó sínú omi.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Bọ̀dá Omulo bá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹkún tó ti jáde kì í padà sọ́fun. A ti sunkún ọmọ yìí. Ó wà láàyè o, kò sí láàyè o, a ti sunkún rẹ̀." Àwọn àgbà fẹ́ jókòó lọ́jọ́ Ajé.

Gbé fóònù rẹ.

Mical.


Poland,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin.

Bàbá mi, Màmá mi,

Mo wà láàyè. Mo wà láàyè. Inú àpótí ni wọ́n ń ti fóònù wa mọ́ bí a bá wọlé ká olú, nítorí ìmọ́tótó. Ìpè mẹ́rìndínlógójì ni mo bá nígbà tí mo jáde.

Màmá, ẹ dárí jì mí. Àga yẹn ni mo rántí, n kò rántí Obiero. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà níbi tí aṣọ ti jẹ́ aṣọ lásán.

Bàbá, mo ti rò ó. Ọ̀nà tí mo ní kí ẹ bá mi wá lọ́dọ̀ àwọn àgbà ti yọjú. Kì í ṣe irú èyí ni mo fẹ́, ṣùgbọ́n òun ló dé. Bí ó bá jẹ́ ẹkún yẹn ló lè gbé yín kúrò nínú omi, ẹ má ṣe dá a padà. Ẹ jẹ́ kí Ayieko gbé àáké. Mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́, ẹ wò ó bóyá ọwọ́ mi gbọ̀n.

Ọmọ yín,
Ogutu.


Poland,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù karùn-ún.

Bàbá mi,

Ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ kò wí nǹkan kan. Mical kò gbé fóònù, Ayieko kò gbé fóònù. Mo ka ìròyìn pé àkúnya omi gbé ilé méje lọ ní ìhà ọ̀dọ̀ yín. Wọn kò kọ orúkọ àwọn tó nilé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni kó kọ ohunkóhun.

Ogutu.


Nyakach,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún.

Ogutu,

Àwọn àgbà ní kí ẹnikẹ́ni nínú wa má bá ọ sọ̀rọ̀ títí ilé tuntun yóò fi dúró fún ọjọ́ méje. Ó pé ọjọ́ méje lónìí. Gbogbo wa wà láàyè.

Èyí ni bó ṣe lọ. Lọ́jọ́ kejì oṣù yìí, omi bo bíríkì, ó dé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn àgbà ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ẹkún ti kà ọ́ kún òkú, kí Ayieko gbé àáké. Mo kọ̀. Mo kọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Lọ́jọ́ kẹrìndínlógún, ògiri ìdáná wó lulẹ̀. Bí màmá rẹ bá tẹ̀ sí ọwọ́ òsì dípò ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀tọ̀ ni lẹ́tà tí n bá máa kọ. Mo wá mú lẹ́tà rẹ ti ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n jáde, mo tún kà á. Ọwọ́ rẹ gbọ̀n ní ìlà kẹta àti ní ìlà tó kẹ́yìn.

Ọjọ́ kejìdínlógún, Sátidé, la lọ. Mo gbé àkùkọ. Màmá rẹ gbé iná. Ayieko gbé àáké. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀ kó tó mú un, n kò sì sọ fún un pé kó bọ́ ọ. Ó fi àáké lu igi àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kò wọlé. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi sọ fún Bọ̀dá pé n kò fẹ́." Mo ní màá sọ ọ́. Mo ti sọ ọ́ báyìí. Lílù kẹrin wọlé. Ilé dúró kí oòrùn tó wọ̀. Awino yóò dé lóṣù tó ń bọ̀.

Mo sunkún. Mo kọ ọ́ síbí nítorí ẹni tó ń pa ìwé ìwọ̀n mọ́ kì í fo ọjọ́ kan.

Àwọn àgbà ní kí a sin kóòtù náà. Kò ṣeé ṣe. Ó bá omi lọ.

O mọ ohun tí òfin wí nípa ẹnu ọ̀nà. N kò ní tún un sọ.

Zablon Agumba.


Poland,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Bàbá mi,

Mo dúpẹ́ pé ẹ gbẹ. Ẹ sọ fún Ayieko pé mo gbọ́, àti pé n bá lu igi yẹn ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ kó tó wọlé. Ó mọ̀ pé n kò mọ àáké lò.

Káàdì mi jáde lọ́jọ́ Ẹtì.

Obìnrin ẹ̀yìn gíláàsì yẹn ló fún mi. Ó rántí mi. Ó ní, "Àáké ń kọ́?" Mo ní wọ́n ti gbé e. Inú rẹ̀ dùn. "Ṣé ẹ rí i? Mo wí bẹ́ẹ̀, ẹlòmíì á gbé e." Mo yí káàdì náà padà. Wọ́n ti kà á láti ọjọ́ tí mo kọ̀wé béèrè. Ọjọ́ tó ń parí ni ọgbọ̀njọ́ oṣù yìí. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ló kù, lẹ́yìn náà n ó tún kọ̀wé, n ó tún gba òǹtẹ̀, n ó tún dúró. Mo bi í bóyá àṣìṣe ni. Ó ní kì í ṣe àṣìṣe, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Farrukh rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lẹ́yìn náà ó bá mi pọn tíì.

Ìdánwò mi tó kẹ́yìn ni ọjọ́ kọkàndínlógún. Láti ogúnjọ́ sí ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, mo lè jáde kí n sì padà wọlé. Ọjọ́ mẹ́wàá. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi dúró dè é, kò sì síbi tí mo lè fi í lọ mọ́. Ilẹ̀kùn tibí ṣí lẹ́yìn tí tiyín tì.

N kò bínú. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó ṣí.

Ọmọ yín,
Ogutu.


Nyakach,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹfà.

Ogutu ọmọ mi,

A kí ọ púpọ̀. Màmá rẹ ló ní kí n kọ "púpọ̀" síbẹ̀.

Nínú gbogbo ìwé tí mo ti kọ láyé mi, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo kọ irọ́ sílẹ̀. Kóòtù kò bá omi lọ. Abẹ́ ìrọ̀rí mi ló wà. Omulo bi mí lẹ́ẹ̀mejì, mo dá a lóhùn lẹ́ẹ̀mejì láìṣẹ́jú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n wá gbin lápálápá yí agboolé ká bí ọgbà. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n parí rẹ̀ nígbà tí mo dá wọn dúró ní ìhà adágún, lẹ́yìn ilé màmá rẹ. Mo tẹ́ kóòtù náà sórí ilẹ̀, mo kan èèkàn kan sí èjìká ọ̀tún, mo kan òmíràn sí èjìká òsì. Mo ní kí wọ́n fo ibẹ̀.

Omulo ní, "Zablon, ọgbà wo ló ń lanu báyìí?"

Mo ní n kò tíì wọn ibẹ̀ tán.

"Kí lo ń wọn?"

Mo ní iṣẹ́ mi ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi sanwó fún mi lórí rẹ̀, ẹnì kan kò bi mí rí.

Òfin ní ẹni tí a ti sunkún rẹ̀ kò gbọdọ̀ gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Mo ti bi àwọn tó dàgbà jù mí lọ, mo béèrè rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì sọ ohun kan náà. Ẹnu ọ̀nà ni gbogbo wọn wí. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ àlàfo ara ọgbà.

Ogúnjọ́ ni o wí. Má gba ojú títì. Gba etí omi wá, Ayieko yóò dúró pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi níbi tí àká wa wà tẹ́lẹ̀. Òjò ń rọ̀, lápálápá sì máa ń yára yọ ẹ̀ka.

Ìnṣì mọ́kàndínlógún. Mo tún wọ̀n ọ́n láàárọ̀ yìí. Kò tíì dín.

Bàbá rẹ,
Zablon Agumba.